BP, Tẹ́ńṣàn, Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Orúkọ Mẹ́ta fún Ohun Kan

 

Ọ̀rọ̀ kan jẹyọ ní ìpàdé gbogbogbòò wa tó kọjá, tí a rò pé kò yẹ kó parí sí ibi ìpàdé. Ẹ ó rántí pé a jíròrò lórí ìyá kan nínú wa tó ń ta òkìrìkà ní ọjà Aswani, ẹni tí apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣàdédé kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, níbi tó ti ń tú ìdì aṣọ lọ́wọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Ìyá náà ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó sì ku oṣù méje kó san án tán, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn méjì tó ṣe onídùúró fún un, ó sì kan gbogbo wa. Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ni ẹnu wa ò ti kò mọ́.

Ẹnìkan ní, "Ìyá yẹn ò kúkú ní BP mọ́. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún un pé ó ti nọ́mà, ó tiẹ̀ ti fi oògùn sílẹ̀ láti ìgbà yẹn." Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé, "Kí lẹ ń sọ? Tẹ́ńṣàn ni jàre. Owó ẹgbẹ́ ló ń rò." Ẹnì kẹta, tí wọ́n jọ ń tajà, ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀: "Ẹ̀jẹ̀ wọn ò ru rí. Ojoojúmọ́ la jọ ń jókòó, orí ò fọ́ wọn, ara ò gbóná fún wọn."

A fi ara balẹ̀ gbọ́ wọn, a sì rí i pé ohun kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Orúkọ mẹ́ta ni wọ́n pè é, orúkọ tí kálukú sì pè é ló ṣì í lọ́nà. Ìdí rèé tí a fi ní kí a fi ojú ìwé yìí tú àwọn orúkọ náà palẹ̀ lóṣù yìí. Àwa kì í ṣe dókítà o, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn dókítà ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí la ó sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí BP, torí òun ló pọ̀ jù lẹ́nu wa. Ní Oṣòdì yìí, ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó kankan á pè é: "Má fún mi ní BP o." "BP mi ti lọ sókè." "Bàbá wọn ní BP." Lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì ni, blood pressure, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan tó ń gbà kọjá lọ. Gbogbo ẹni tó wà láàyè ló ní in. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá ní BP. Ẹni tí kò bá ní BP mọ́, a jẹ́ pé ká máa wá pósí ló kù. Nítorí náà, bí a bá ní "lágbájá ní BP", bí ẹni pé oníbàárà dé ìsọ̀ aṣọ, ó béèrè pé ọ̀pá mélòó ni aṣọ yìí, a sì dá a lóhùn pé, "Ó ní ọ̀pá." Ìwọ̀n ni BP, kì í ṣe àìsàn. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: mélòó ni?

Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga dẹ́rọ̀ sínú táńkì. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ti omi, ẹ fọwọ́ mú rọ́bà, ẹ ó mọ̀ ọ́n bó ti le. Bó bá dákẹ́ díẹ̀, omi ṣì wà nínú rọ́bà, ṣùgbọ́n kò le tó ti àkọ́kọ́. Ọkàn wa ni ẹ̀rọ yẹn. Bó bá fún ara pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ti iṣan gidigidi, iye ti òkè nìyẹn. Bó bá sinmi kó tó tún fún ara pọ̀, agbára náà á rọlẹ̀, iye ti ìsàlẹ̀ nìyẹn. Òun ni nọ́ọ̀sì fi ń pe nọ́ńbà méjì, bíi 120 lórí 80. Rọ́bà tí omi tó le jù ń gbà kọjá lọ́sàn-án lóru fún ọdún mẹ́wàá, ẹ mọ ohun tó ń ṣe é. Á le, á sán, ibi tó bá ti tín-ínrín jù ni yóò ti bẹ́. Bó bá bẹ́ nínú ọpọlọ, tàbí tó dí níbẹ̀, rọpárọsẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ti kíndìnrín ló bàjẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù, iye tí wọ́n sì ń gbà lórí ìyẹn, ẹgbẹ́ tiwa kò lè yá èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ wọn agbára yìí dùn ún gbọ́. Àlùfáà ìjọ kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stephen Hales, kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1733 pé òun dá ẹṣin kan dùbúlẹ̀, òun ki ọ̀pá dígí gígùn bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì gun inú dígí lọ sókè ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ. Ó ga ju ọkùnrin tó ga jù nínú wa lọ! Ta ló fẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun? Ó di 1896 kí dókítà ará Ítálì kan, Scipione Riva-Rocci, tó ṣe àpò tí wọ́n ń wé mọ́ apá, tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí títí yóò fi fún apá pinpin. Ní 1905, dókítà ará Rọ́ṣíà kan, Nikolai Korotkov, kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe lè fi ẹ̀rọ etí gbọ́ ohùn ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ àpò náà, kí wọ́n lè mọ nọ́ńbà méjèèjì. Àwọn àgbà wa mọ ìfúnpá, oògùn tí ọkùnrin ń so mọ́ apá lókè ìgúnpá. Orúkọ yẹn náà ni àwọn tó ń kọ ìwé ìlera ní Yorùbá ń lò fún BP báyìí: ìfúnpá. Ó dùn mọ́ wa nínú, torí ibi tí baba wa ń so tiwọn sí gan-an ni nọ́ọ̀sì ń wé àpò mọ́.

Tóò, mélòó ló wá pọ̀ jù? Èyí náà ní ìtàn, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n, torí ó ń fa ìjà láàárín ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò láyé àtijọ́ àti ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò lánàá. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládìpọ̀ Akínkúgbé, ọmọ Oǹdó, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn àti UCH, ló kọ ìwé lórí ìfúnpá gíga lára aláwọ̀ dúdú ní 1972, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì ń rò pé àìsàn òyìnbó ni. Ìgbìmọ̀ tó darí fún ìjọba àpapọ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde ní 1997. Wọ́n ní nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ti pé ọdún 15 sókè ní Nàìjíríà, bíi 11 ló ní ìfúnpá gíga, gbogbo wọn sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ní ìgbà yẹn, 160 lórí 95 ni wọ́n fi ṣe ààlà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ààlà náà wálẹ̀ sí 140 lórí 90, òun ni wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ọsibítù wa títí di òní. Ní Amẹ́ríkà, láti 2017, àwọn dókítà ọkàn tiẹ̀ tún fà á wálẹ̀ sí 130 lórí 80. Nítorí náà, bàbá tí wọ́n sọ fún ní 1985 pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 150 lórí 92, wọn ò purọ́ fún un. Ààlà ló yí padà, torí wọ́n rí i pé ohun tó ń ba iṣan jẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ọ̀hún.

Ó tún ku ìkan. Nọ́ńbà ẹ̀ẹ̀kan kò tó fi dá ẹjọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò, ṣé ọjà ọjọ́ kan lẹ fi ń mọ̀ bóyá ìsọ̀ yín ń jèrè? A mọ ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ yìí tó gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Oṣòdì lọ́sàn-án gangan, tó sọ̀ kalẹ̀, tó bá ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wọn BP fún èrò pàdé, tó na apá sí i lórí ìdúró. Wọ́n ní 168. Bó ṣe wọ kẹ́mísì nìyẹn, ó ra oògùn oṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa ní ọjọ́ mìíràn, 126 ni. Kí a tó wọ̀n ọ́n, ó yẹ kí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, kó gbé apá lé tábìlì ní ọgbọọgba pẹ̀lú àyà, kó ti tọ̀, kó má sì máa sọ̀rọ̀. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kó má mu sìgá, kó má mu kọfí, kó má jẹ obì. Apá ìhòòhò ni wọ́n ń wé àpò mọ́, kì í ṣe orí bùbá. Bó bá sì ga, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó fún un lórúkọ, àfi bó bá ga kọjá àlà.

Ó yá, ká bọ́ sórí tẹ́ńṣàn. Hypertension ni dókítà ń kọ sínú káàdì, àwa gé e lórí, ó wá ku tẹ́ńṣàn. Lọ́dọ̀ tiwa, tẹ́ńṣàn ni kí ọkàn má balẹ̀: onílé ń bọ̀, owó ilé ìwé wà nílẹ̀, oníbàárà gba ọjà àwìn kò dé mọ́. Àwọn tí ìsọ̀ wọn wà ní Owónífáàrí ní oṣù January 2016, nígbà tí katapílà wọlé tọ ọjà náà, kò sẹ́ni tí yóò kọ́ wọn ní ìtumọ̀ tẹ́ńṣàn. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ inú káàdì. Ohun tí a fà le, bí okùn tí a fà le, ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn túmọ̀ sí. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ túmọ̀ sí àṣejù. Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ fà le ju bó ti yẹ lọ, ó parí. Ẹ bi àwọn ará wa tó ń ti Kútọnu àti Àjàṣẹ́ wá. Tension lòyìnbó Faransé tiwọn ń pe BP ọ̀hún gan-an, bó ga bí kò ga.

Kì í ṣe pé ìrònú kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ rárá. Ìbínú àti ìpayà a máa gbé nọ́ńbà sókè fún ìgbà díẹ̀, ẹni tí kò bá sì rí oorun sùn fún ọjọ́ pípẹ́ ń ṣe ara rẹ̀ níbi. Ṣùgbọ́n onísùúrù, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ dalẹ́, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ti yanjú, lè ní ìfúnpá 180. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìdílé wà níbẹ̀, sísanra wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀, ìjókòó sójú kan wà níbẹ̀. Iyọ̀ wà níbẹ̀ gidigidi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìpo-tíì kan, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Iyọ̀ inú búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, ti Maggi náà wà nínú rẹ̀, kánún tí a fi ń se ewédú àti ẹ̀wà náà ní irú èròjà kan náà tó wà nínú iyọ̀. Ẹ̀yin alábàárù àti ẹ̀yin tó ń gbé ìdì aṣọ, oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac tí ẹ ń gbé mì lálaalẹ́ lè gbé ìfúnpá sókè, ó sì ń ṣe kíndìnrín níbi. Ewu tó wà nínú kí a máa pè é ní tẹ́ńṣàn nìyí: ẹni tí kò rò, á ní kò kan òun, ẹni tó ti rí owó san gbèsè rẹ̀, á rò pé àìsàn ti bá gbèsè lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni orúkọ tiwa-n-tiwa, ó sì dùn létí. Òkun ń ru, ìbínú ń ru, ọṣẹ ń ru. Ohun tó bá ń ru, à ń rí i, à ń gbọ́ ọ. Ibi tí orúkọ yìí ti ń tàn wá jẹ nìyẹn. Ìfúnpá tó ga fún ọdún púpọ̀ kì í sábà fọ orí, kì í sábà kọ́ni lójú, kì í mú ara gbóná. Jẹ́ẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021, wọ́n ní àwọn àgbàlagbà láàárín ọdún 30 sí 79 tó ní in láyé ju bílíọ̀nù kan lọ, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀. Alájọta ìyá wa sọ òótọ́ pé orí ò fọ́ wọn. Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí kò yé e ni pé orí tí kò fọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ ọ́.

Aboyún nìkan ni a ó yà sọ́tọ̀ níbí. Bó bá ti lé ní oṣù márùn-ún, tí orí ń fọ́ ọ gan-an, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, ọsibítù ni lọ́jọ́ náà, nítorí gìrì aboyún lè tẹ̀ lé e. Àwọn oògùn ìfúnpá kan tún wà tí aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bu tirẹ̀ fún un.

Ẹ wo bí agbára ò ṣe ran ọ̀rọ̀ yìí. Ààrẹ Amẹ́ríkà, Franklin Roosevelt, ní ìfúnpá gíga fún ọdún púpọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù April 1945, ó jókòó kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun gidigidi, ó sì dákú. Nígbà tí dókítà wọ̀n ọ́n, 300 lórí 190 ni. Ó kú lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé kò sí owó, oògùn gidi ni kò sí láyé ìgbà náà. Ọdún 1952 ni àwọn oníṣègùn ìwé ní Switzerland yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní reserpine jáde lára egbò igi kan tí àwọn ará Íńdíà ń lò, ó sì wà lára àwọn oògùn tó kọ́kọ́ fa ìfúnpá wálẹ̀ dáadáa. Àbúrò igi yẹn wà nínú igbó wa. Asofẹ́yẹjẹ ni. Àwọn oníṣègùn wa ti ń fi í tu ara wèrè kí ẹnikẹ́ni ní Yúróòpù tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, èròjà kan náà ló sì wà nínú egbò rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní àgbo lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ kò kúkú purọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà nínú ìgò kan sí èkejì, reserpine yìí sì máa ń mú ọkàn àwọn mìíràn rẹ̀wẹ̀sì débi pé ilé ayé á sú wọn, ìdí tí àwọn dókítà fi dín in kù nìyẹn nígbà tí wọ́n rí àwọn mìíràn bí amlodipine.

Èyí ló gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣe ìyá wa léṣe jù: nọ́mà. Nọ́ọ̀sì tó sọ fún un pé ó ti nọ́mà kò ṣì í sọ. 128 lórí 82 ló wà nínú káàdì rẹ̀, a rí i. Ṣùgbọ́n oògùn ló ń mú un bẹ́ẹ̀. Ìyá gbọ́ nọ́mà, ó gbọ́ pé ó ti san, bí ibà ṣe ń san. Ẹni tó bá ń san ẹ̀yáwó lóṣooṣù, tí akọ̀wé sọ fún un pé ìwé rẹ̀ dára, ṣé ó lè torí ẹ̀ dáwọ́ sísan dúró? Ìwé dára torí pé ó ń san. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, ìfúnpá gíga kì í lọ, wọ́n ń mú un mọ́lẹ̀ ni, oògùn ojoojúmọ́ ló sì ń mú un mọ́lẹ̀. Oríṣi mìíràn tiẹ̀ wà tí èèyàn bá ṣàdédé fi sílẹ̀, nọ́ńbà á fò kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí oògùn bá ń wúni lẹ́sẹ̀, tó ń fa ikọ́, tàbí tí ọkùnrin rí i pé kò lè ṣe ojúṣe rẹ̀ nílé mọ́ (ẹ má tijú, wọ́n ti gbọ́ ọ rí), ẹ padà sọ fún dókítà, á pa á dà. Bó bá jẹ́ owó ni kò sí, ẹ sọ ìyẹn náà, ẹ má dákẹ́, torí àwọn tí owó wọn kéré wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bí ẹ bá sì rí ẹni tí ẹnu rẹ̀ yí sápá kan, tí apá kan rẹ̀ kò ṣeé gbé sókè, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ má fún un ní ohunkóhun mu, ẹ má fi òróró pa á lára, ẹ wá ọkọ̀. Wákàtí bíi mélòó kan péré ni dókítà ní láti ṣe nǹkan.

Ìgbìmọ̀ ti bá àwọn onídùúró méjèèjì sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà kí a na ẹ̀yáwó ìyá náà sí oṣù méjìdínlógún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà ní ìsọ̀ báyìí, ẹ máa rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá fúnra wọn ti ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá, ọwọ́ òsì ni kò tí ì lè di nǹkan mú.

Láti ìpàdé tó ń bọ̀, ọ̀kan nínú wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yóò máa jókòó sí yàrá ẹ̀yìn láti aago 9, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, torí lẹ́yìn tí a bá ti jiyàn lórí èlé tán, nọ́ńbà gbogbo wa á ti wà lókè. Kò sí owó nínú rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga, á darí rẹ̀ sí ọsibítù ìjọba ní Ìsọlọ̀ tàbí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó bá sún mọ́ ọn. Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé ìdáwó yín ṣófo, ibẹ̀ ni a ó máa kọ ọ́ sí: ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà òkè, nọ́ńbà ìsàlẹ̀, àti bóyá ẹ lo oògùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ wọ aṣọ tí apá rẹ̀ ṣeé ká, ẹ mú oògùn yín dání, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ obì wá.